Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àgbagbà Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ Tètè Yan Àrólé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ga bí igi, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi. Ìdí ewé tó di mọ́ra wọn ni ohun tí à ń rí lókè. Ojúlówó rẹ̀ ni rogodo tó wà nínú ilẹ̀, tó ń bí ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá ń so, lẹ́yìn náà a kú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àrólé yàn ni yóò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gbígbìn
• Ẹ wú ọmọ tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí idà. Èyí tó tètè ya ewé gbàràgàdà kì í lágbára.
• Ẹ fi ọ̀bẹ ha gbòǹgbò àti èèpo rẹ̀ títí yóò fi funfun, torí ibẹ̀ ni kòkòrò àti aràn ń fara pamọ́ sí. Èyí tí kòkòrò bá ti gbẹ́ káàkiri, ẹ má gbìn ín.
• Ẹ ri ọmọ tí ẹ ti ha sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.
• Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó sì jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Kí àlàfo poro sí poro jẹ́ mítà 3, ìdí sí ìdí mítà 2.

Ìtọ́jú
• Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ ọlọ́ràá: ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, èèpo iṣu àti eérú sí i, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó.
• Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Ẹ má fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tu koríko ibẹ̀.
• Ẹ máa gé ewé tó ti gbẹ kúrò, kí àrùn ewé má bàa ràn.
• Bó bá so, ẹ fi ọ̀pá tó ya ẹ̀ka méjì lórí tì í níhà tó tẹ̀ sí, kí atẹ́gùn má bàa bì í ṣubú.

Àrólé
Bí ọmọ bá pọ̀ nídìí ìyá, oúnjẹ kò ní kárí. Ẹ yan ọ̀kan tó lágbára, tó ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jáde wá. Kí ẹ gé ìyókù mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gún ojú wọn kí wọ́n má hù mọ́. Bí ẹ bá ti kórè, ẹ gé ìyá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Inú kùkùté tútù ni kòkòrò ti ń bímọ. Bí ìdí bá yọ sókè, ẹ kó ilẹ̀ bò ó.

Ẹ lọ sẹ́yìnkùlé lónìí, ẹ wo ìdí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tíì ní àrólé, ẹ yan ọ̀kan fún un kí ìyá tó so.