Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ara wọn dún fún orin àti ewì Yorùbá



Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n kọ orin tí a ó fi sìn ín lọ. Mo fi "ọwọ́" parí ìlà kìíní, mo sì fi "ọkọ" parí ìlà kejì. Kí àwọn méjèèjì lè dún bákan náà, mo fa ohùn sókè níparí "ọkọ". Ni Ìyá àgbà bá dá orin dúró: "Ọkọ́ kẹ̀? Ṣé oko ni ẹ ń sin ọmọ mi lọ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí, nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mò ń kọ́. Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

1. Ibi tí àṣìṣe ti ń wá

Ní ilé ìwé, ewì èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní rime. Ọ̀rọ̀ Faransé lè fi fáwẹ̀lì parí, ó sì lè fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. N tó wà níparí "ìbọn", àmì ìránmúpè ni. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa kò sì ju méje lọ: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Nítorí náà, kí fáwẹ̀lì ìparí ìlà méjì bára mu kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ohùn ni iṣẹ́ wà: òkè (mí), àárín (re) àti ìsàlẹ̀ (dò). Bí fáwẹ̀lì bá bára mu tí ohùn kò bára mu, etí Yorùbá kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba. Bí a bá sì fi ipá yí ohùn padà, ìtumọ̀ á bá a lọ.

2. Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ náà

(a) Ẹ kọ́kọ́ yan ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ ìlà rọ̀ mọ́. Ká ní "ajé" ni.

(b) Ẹ kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: re mí. Ẹ di ohùn yìí àti fáwẹ̀lì ìparí mú, kí ẹ wá máa pààrọ̀ àwọn ìró yòókù. Ẹ ó rí adé, ewé, eré àti ilé.

(d) Ẹ mú èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Fún àpẹẹrẹ:

Màmá mi lọ sọ́jà, ó ń wá ajé,
Èmi ni mo jókòó tí mo ń ṣọ́ ilé.

Bí mo bá kọ "mo fi adé dé orí bí ewé" sí ìlà kejì, ìró á dọ́gba, ṣùgbọ́n kí ni ó kan ọjà tí Màmá lọ?

(e) Ẹ pè é sókè kí ẹ tó kọ ọ́ tán. Bí "ṣọ́ ilé" bá di "ṣọ́lé" lẹ́nu yín, ohùn re ti sọnù, mí méjì ló kù.

3. Ohun tí ó ń tan ojú jẹ

• Ajé kì í ṣe ẹgbẹ́ àjẹ́. Yálà a fi àmì sábẹ́ ẹ tàbí a kọ ọ́ ní ɛ bí a ti ń ṣe ní Bẹ̀nẹ̀, ìró ọ̀tọ̀ ni sí e.

• Iná àti ilá jọra nínú ìwé. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé n nínú iná jẹ́ aránmúpè, ti ilá kò rí bẹ́ẹ̀.

• Ẹfọ̀n àti ìtàn kò jọra nínú ìwé, síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ìró kan náà ló parí wọn.

• "Mo rà á" parí sí ohùn òkè. "Mo bá a" parí sí ohùn àárín. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ń yí ohùn padà gẹ́gẹ́ bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀.

4. Nígbà tí ìyàtọ̀ ohùn bá jẹ́ ẹwà

Akéwì Yorùbá kì í fi ìgbà gbogbo wá ìdọ́gba. Nígbà mìíràn, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn kan dojú kọ òmíràn. Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀, Features of Yorùbá Oral Poetry (1984). Ẹ wo èyí:

A gbé igbá dọ́jà, a pa owó igba;
Ọjà tó ń tà lónìí, ó ní ìgbà.

Igba jẹ́ re re, ìgbà jẹ́ dò dò. Kò sí ohùn kankan tí a fi ipá yí, ìtumọ̀ sì dúró.

Bí mo bá tún fẹ́ kọ orin ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní fọwọ́ kan "ọkọ". "Ọwọ́" ni n ó yọ, n ó sì fi "aṣọ" rọ́pò rẹ̀: re re ni àwọn méjèèjì. "Ọmọ" náà jẹ́ re re, ṣùgbọ́n m ti sọ fáwẹ̀lì ìparí rẹ̀ di aránmúpè.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì tó bá "ọjà" (re dò) dọ́gba, kí ẹ fi ọ̀kan nínú wọn kọ ìlà méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ lórin fún àgbà kan nílé. Bí kò bá dá yín dúró, ẹ ti yege.