Àtọ̀sí Ajá: Bí Aràn Ṣe Ń Gba Inú Ìgbín Odò Dé Ara Ọmọ Wa

Níbi tí a ti ń pín bùkéètì àti ọṣẹ, ìyá kan pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ti na ọmọ náà, ó rò pé obìnrin ló lọ bá. Ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Orúkọ ló ń ṣì wá lọ́nà. Àtọ̀sí ni à ń pe àrùn kan tí ìbálòpọ̀ ń fà, àtọ̀sí ajá sì ni èyí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbátan. Aràn ló ń fa àtọ̀sí ajá, ajá kò sì lọ́wọ́ sí i rárá. Bí ẹ bá bá ẹni tó ní i sùn lórí ẹní kan, tàbí tí ẹ jọ jẹun, kò lè ràn yín. Aràn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ìgbín kọjá.

Bí ẹni tó ní aràn yìí bá tọ̀ sínú odò tàbí sínú adágún tí àgbàrá fi sílẹ̀, ẹyin aràn á bá ìtọ̀ jáde. Ẹyin náà á pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ á sì máa wẹ̀ kiri. Nǹkan bí ọjọ́ kan péré ló ní láti fi rí ìgbín wọ̀, bí kò bá rí i, ó kú nìyẹn. Kì í ṣe ìgbín tí à ń jẹ o! Ti inú omi ni, kékeré ni, Bulinus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí a bá gbé ṣóńṣó ìkarahun rẹ̀ sókè, ẹnu rẹ̀ á wà lápá òsì. Omi tó ń sáré kò bá a lára mu, ewéko inú omi tó dúró ló máa ń lẹ̀ mọ́. Bí omi bá sì gbẹ, ó lè wọnú ẹrẹ̀ lọ fi ara pamọ́ títí òjò á fi padà.

Inú ìgbín yìí ni aràn ti ń bí sí i. Ẹyọ kan tó wọlé lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí oòrùn bá mú, pàápàá láti nǹkan bí aago 10 àárọ̀ dé aago 2 ọ̀sán, wọ́n á tú jáde sínú omi, ìyẹn àkókò tí àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ tí àwọn ìyá sì ń fọṣọ. Awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé, kò dìgbà tí ènìyàn bá mu omi náà. Wọ́n á lọ fìdí kalẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, takọtabo pọ̀, wọ́n sì lè lo ọdún mélòó kan níbẹ̀. Ẹyin wọn ní ẹ̀gún lẹ́nu, òun ló ń ya ara tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Èyí tí kò rọ́nà jáde nínú ẹyin náà ń dá àpá sí ara: ó lè dí obìnrin lọ́wọ́ láti lóyún, bó bá sì pẹ́ títí, ó lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, rí aràn yìí ní Káírò lọ́dún 1851. Ọdún 1915 ni Robert Leiper tó fi hàn ní Íjíbítì pé ìgbín ló ń gbà kọjá. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kí a bá ìyá yẹn wí.

Ó máa ń tó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀jẹ̀ tó hàn. Nítorí náà, ọmọ tó wọ́ omi kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ kò tíì bọ́, bí ìtọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀. Omi tí ẹ bá fẹ́ fi wẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ kí ìgbín má bàa bá a wọlé, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, àwọn aràn inú rẹ̀ á ti kú. Èyí tí ẹ máa mu, ẹ sè é.

Ẹ mú ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Ìwọ̀n ara tàbí gíga ọmọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ iye tó máa lò, kí ó sì ti jẹun kó tó lò ó. Oògùn náà kò ràn dáadáa lórí aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ mú un padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un padà lọ.