Ikọ́ Nínú Ọ̀pọ̀ Èrò: Ìmọ́tótó ní Gáréèjì àti Nínú Ọkọ̀

Nínú ẹ̀kọ́ wa tòní, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà kọjá láìronú nípa ìlera ara rẹ̀: ibùdókọ̀ tí èrò pọ̀ sí.

Ní àárín ìlú London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ ojú irin wà. Ọdún 1863 ni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti Paddington dé Farringdon. Ẹ̀rọ tí ń fi iná àti omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà, èéfín a sì máa sé àwọn èrò léèémí. Ní ọdún 1890 ni ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ èéfín rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣẹ́kù: níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti fún mọ́ra, tí atẹ́gùn kò sì ráyè wọlé, èémí ẹnìkan ni ẹnìkejì ń fà símú.

Kò sí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ní Òwódé ní ìlú Ọ̀yọ́, tí wọ́n to èrò mẹ́rin-mẹ́rin sórí ìjókòó, tí wọ́n ti gíláàsì pa nítorí òjò tàbí ọyẹ́, títí tó fi sọ̀kalẹ̀ ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti ará London kò yàtọ̀.

Àìsàn tí ń bá èémí rìn

Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ fée, ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló kéde kòkòrò náà ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1882. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn yìí ti wọ́pọ̀ jù lọ.

Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àsásí, a kì í sì í jogún rẹ̀. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́ tàbí tó sín, kòkòrò náà a bá èémí rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn á gbé e lọ. Bí ó bá tì, inú ibẹ̀ ni yóò wà fún wákàtí mélòó kan. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ tàbí jíjẹun nínú àwo kan náà kì í kó o ranni.

Ìrìn àjò kúkúrú kan ṣoṣo kì í sábà kó o ranni. Àwọn tí ewu rẹ̀ súnmọ́ jù ni awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ tí wọ́n ń wà láàárín èrò láti àárọ̀ dalẹ́, àti ìyàwó àti ọmọ tó ń bá aláìsàn sùn nínú yàrá kan náà.

Ṣé kádàrá ni?

Àwọn kan máa ń sọ pé bí Ọlọ́hun bá ti kọ àìsàn mọ́ ènìyàn, kò sí ohun tí ṣíṣí fèrèsé lè ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí a rántí Sayyidinā Umar. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù nígbà tí ó gbọ́, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó fèsì pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Awf jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé kí a má ṣe wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹni tó sì wà níbẹ̀ má ṣe sá jáde.

Nítorí náà, fèrèsé tí a ṣí, kádàrá ni. Oògùn tí a lò, kádàrá ni pẹ̀lú.

Ohun tí a óò máa ṣe

1. Kí a ṣí fèrèsé ọkọ̀ àti ti yàrá. Bí ẹlòmíràn bá jókòó ti gíláàsì, kí a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí i díẹ̀."

2. Bí ikọ́ tàbí sísín bá dé, kí a fi aṣọ tàbí ìgúnpá bo ẹnu. Ànábì wa a máa fi ọwọ́ tàbí aṣọ bo ojú nígbà tí ó bá sín.

3. Kí a má ṣe tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì. Kí a tu ú sínú bébà, kí a sì jù ú síbi ìdalẹ̀sí. Bí a ti ń mú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi tiwa kún un.

4. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun ní gáréèjì. Ọwọ́ kọ́ ló ń kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ranni, ṣùgbọ́n ó ń kó ìgbẹ́ gbuuru àti ọ̀fìnkìn. Bí a bá tilẹ̀ ti ṣe àlùwàlá, ọṣẹ ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

5. Kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG fún ọmọ tuntun ní kété tí a bá bí i.

Bí ikọ́ bá wà nínú ilé

Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ló kàn. Bí ibà alẹ́, òógùn òru, rírù tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí a má ṣe dúró rárá. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

A mọ ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìyàwó awakọ̀ lè máa bẹ̀rù pé bí òun bá ní kí Bàbá àwọn ọmọ òun lọ ṣe àyẹ̀wò, àwọn ará ilé á máa yẹra fún wọn. Àṣírí yẹn náà ló máa kó àìsàn ran àwọn ọmọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó sì ń lò ó déédéé, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan agbára àrùn náà láti ranni á ti dín kù gidigidi. Nígbà náà ni ara á fúyẹ́, tí ọ̀pọ̀ á sì jáwọ́ nínú oògùn. Ẹ má ṣe jáwọ́! Oṣù mẹ́fà ni a sábà ń lò ó. Bí a bá dá a dúró, kòkòrò tó ṣẹ́kù lè wá di èyí tí oògùn kò ràn mọ́.

Fún ìjíròrò nínú ilé

Ta ló ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láàárín wa? Ṣé a máa ń ṣí fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn? Bí ará ilé wa bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ta ni yóò máa rán an létí oògùn lójoojúmọ́?

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Àámíìn.