Ẹ Má Nu Ojú Sẹ́ńsọ̀ Kámẹ́rà Yín Nílé

Ẹ̀yin ayàwòrán ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Bingerville, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi kámẹ́rà jẹun láti Abatta títí dé Rivièra, ẹ fetí sílẹ̀. Ọyẹ́ ń bọ̀. Bó bá ti dé, eruku yóò wọ inú kámẹ́rà, àmì dúdú róbótó-róbótó yóò máa hàn lójú ọ̀run nínú fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ yà, oníbàárà yóò sì bi yín pé kí lèyí. Ìgbà náà ni ọwọ́ yóò máa yún yín láti yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ wá nǹkan fi nu inú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: ẹ má nù ún. Eruku tó bà lé sẹ́ńsọ̀ kì í bà á jẹ́. Ọwọ́ tó fẹ́ mú eruku náà kúrò ló ń bà á jẹ́.

Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ kò lè bẹ̀rù rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì, tí dígí inú kámẹ́rà sì gbéra sókè, tí ohun tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ṣí, ohun pẹlẹbẹ tó ń dán tí ẹ máa rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni. Ti kámẹ́rà ńlá kò ju mìlímítà 36 ní gígùn àti 24 ní ìbú lọ. Ti èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kéré sí i, nǹkan bí 23 sí 15. Ibi kékeré yìí ni mílíọ̀nù 20 tàbí 24 ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ há mọ́. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìbú ojú kan jẹ́ nǹkan bí 4 sí 6 nínú rẹ̀. Hóró eruku kan tí ẹ kò lè rí lè bo ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n eruku kì í bà lé àwọn ojú náà gan-an. Gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò wọ́n, tó ń dí irú ìmọ́lẹ̀ tí èèyàn kì í rí lọ́nà, kí àwọ̀ ara àti àwọ̀ aṣọ lè jáde bí wọ́n ṣe rí. Wọ́n tún ti kun ojú gíláàsì náà ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà. Bí ohun tí wọ́n kùn yìí bá bó, tàbí tí gíláàsì bá ha, kò sí àtúnṣe mọ́, àfi pípààrọ̀. Owó pípààrọ̀ sì sábà máa ń súnmọ́ owó kámẹ́rà àlòkù mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé kámẹ́rà àlòkù “France au revoir” tí a rà ní Black Market Adjamé la fi ń ṣiṣẹ́. Kò ní gàráǹtì, kò sì sí ẹni tí a fẹ́ dá a padà fún.

Mo mọ ibi tí àṣà nínù náà ti wá, n kò sì ní torí rẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ fọ́tò ti pẹ́ lọ́wọ́ Yorùbá ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Anago níhìn-ín wà lára àwọn tó gbé sítúdíò kalẹ̀ láti ìlú dé ìlú, débi pé Erika Nimis, onímọ̀ ìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ odidi ìwé lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìwé tó jáde ní 2005. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ á ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu inú rẹ̀, wọ́n á sì ki fíìmù tuntun bọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́, torí ojú tuntun ni fíìmù ń gbé wá fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Eruku tó bà lé ọ̀kan, á bá a lọ. Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà òde òní fi ń wo gbogbo ayé, láti ọjọ́ tí ẹ rà á títí yóò fi kú. Ohun tí ẹ bá ha síbẹ̀ lónìí yóò wà lójú gbogbo ìyàwó tí ẹ bá yà lẹ́yìn èyí. Ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ kò purọ́ fún yín; irinṣẹ́ ló yí padà.

Ibi tí a ń gbé tún dá kún un. Nítorí afẹ́fẹ́ tó tura lórí òkè yìí ni ìjọba Faransé ṣe gbé olú ìlú wá sí Bingerville ní 1900, lẹ́yìn tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti pa èèyàn púpọ̀ ní Grand-Bassam. Afẹ́fẹ́ náà tu èèyàn lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá kámẹ́rà ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rinrin ọ̀sà Ébrié kì í lọ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ wa pupa, wọ́n ń kọ́ ilé tuntun káàkiri, ọkọ̀ tìpá ń gbé iyanrìn kọjá láàárọ̀ lálẹ́. Bó bá wá di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà dé, tó fi mọ́ èyí tó ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ọ̀rinrin á mú eruku lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọyẹ́ á sì gbẹ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Hóró òkúta quartz wà nínú eruku yìí. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, tó lọ láti 1 dé 10, quartz wà ní 7. Gíláàsì kì í sábà ju 5 àti ààbọ̀ lọ. Bí aṣọ yín tilẹ̀ rọ̀ ju àrán lọ, sáńpépà ni ẹ fi ń nu gíláàsì bí hóró wọ̀nyí bá wà lójú rẹ̀. Hóró tí aṣọ ń wọ́ kiri ló ń ha á.

Mo mọ àwọn ohun tí àwọn èèyàn wa ń lò. Èyí tó burú jù ni ti fọ́kanáísà. Èèyàn á gbé kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì ti kúrò lórí rẹ̀ dé etí títì: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i.” Atẹ́gùn táyà! Òróró ẹ̀rọ àti omi wà nínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ lè ká àwọn ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ṣí tí ń pa dé níwájú sẹ́ńsọ̀, tí a ń pè ní ṣọ́tà. Ó tún lè ti eruku tó wà lójú gíláàsì wọ abẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ kankan kò ní dé mọ́. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń fẹ́ eruku kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo atẹ́gùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ńkọ́? Gáàsì tó di omi ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dẹ agolo náà tàbí tí ẹ mì í, omi tútù nini á tú sójú sẹ́ńsọ̀, á dì síbẹ̀, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Canon kọ ọ́ sínú ìwé ìlò kámẹ́rà wọn pé kí a má ṣe fẹ́ irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ sí sẹ́ńsọ̀.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ pẹ̀lú, torí itọ́ yóò bá èémí jáde. Ẹ má fi òwú tí a fi ń ro etí kàn án: fọ́nrán rẹ̀ ń já, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi sì lè yọ́ bí ọtí bá kàn án. Ọtí ilé oògùn tí wọ́n kọ 70° sí lára, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló jẹ́ omi. Omi náà á gbẹ, á fi ìlà sílẹ̀. Lọ́fíńdà ní òróró nínú. Asẹtónì tí wọ́n fi ń nu èékánná máa ń jẹ ike. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá methanol kiri, torí wọ́n gbọ́ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe omi tí a fi ń nu sẹ́ńsọ̀. Májèlé ni methanol. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè fọ́ ọmọdé lójú, ó sì lè pa á. Iná ń tètè ràn mọ́ ọn, bó bá sì ń jó lójú ọ̀sán, ó ṣòro kí èèyàn tó rí iná náà. Ẹ má gbé e wọ ilé tí ọmọ wà, tí ìyá ọmọ ti ń dáná.

Rọ́bà róbótó tí àwọn ìyá fi ń fún ọmọ ní oògùn láti ìdí wà ní gbogbo ọjà Abidjan, ó sì jọ rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku kámẹ́rà. Ẹ má jẹ́ kí jíjọ yẹn tàn yín. Páúdà lè wà nínú èyí tó jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n ti lò, ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń mí, nítorí náà eruku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò ni yóò tún fà mu, tí yóò sì tú padà síbẹ̀.

Ewu bátìrì tún wà. Bí dígí bá wà lókè, tí ṣọ́tà ṣí, tí bátìrì sì kú, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ lé ohun tí ẹ ti bọ inú rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà Nikon oní-dígí máa ń dún, iná iwájú wọn á máa ṣẹ́jú bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣọ́tà wọn á pa dé. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ohùn yẹn ń sọ, ṣọ́tà ti lọ nìyẹn. Àwọn mìíràn ń fi ètò Bulb ṣí ṣọ́tà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ kan, wọ́n á fi ọwọ́ kejì nu sẹ́ńsọ̀. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́ńpẹ́, ó parí. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí, sẹ́ńsọ̀ kò dúró gbọin. Agbára irin òòfà ló ń gbé e kí fọ́tò má baà mì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ lè ba ohun tó ń gbé e jẹ́.

Gbogbo àmì dúdú kọ́ ni eruku tó ti ìta wọlé, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí Nikon gbé kámẹ́rà D600 jáde ní 2012, àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì tí kì í tán. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n gbé e wá: àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn yóò nù ún, àwọn yóò sì pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bí gàráǹtì ti tán. Ẹni tó bá ní D600 àlòkù tí wọn kò tíì pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń fi ojoojúmọ́ nù ún, ń fi iṣẹ́ ṣọ́tà jẹ sẹ́ńsọ̀ níyà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rí fídíò tí òyìnbó kan jókòó sí yàrá rẹ̀, tó fi pákó ike pẹlẹbẹ nu sẹ́ńsọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, tí gbogbo rẹ̀ sì mọ́. Kò parọ́. Aṣọ tó wà lórí ike rẹ̀, inú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò ni wọ́n ti wé e. Ó bá ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ mu, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lò ó tó ń sọ ọ́ nù, yàrá rẹ̀ kò sì ní fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà tìpá. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo irú fídíò yẹn, tí ẹ wá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé “lọ bá mi nu kámẹ́rà yẹn” láìsọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù.

Bí àmì bá hàn, ẹ kọ́kọ́ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun ní f/16 tàbí f/22, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́ǹsì mú un dáadáa. Kí ẹ tún un yà ní f/5.6. Ohun tí kò bá hàn ní f/5.6 kì í sábà dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kámẹ́rà jókòó sórí tábìlì, kí ẹ jẹ́ kó gbọn ara rẹ̀ láti inú mẹ́nù. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ti ń ṣe é láti ìgbà tí Olympus ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú E-1 ní 2003. Bí kò bá lọ, ẹ ra rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà, èyí tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi bátìrì tó kún sí i, kí ẹ lo mẹ́nù ìmọ́tótó láti ṣí i, kí ẹ dojú kámẹ́rà bolẹ̀, kí ẹnu rọ́bà má sì wọlé kọjá ibi tí lẹ́ǹsì ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tilé parí sí. Ohun tó bá kù lẹ́yìn èyí, tẹni tó ń fi títún kámẹ́rà ṣe jẹun ni, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ lò kí ẹ tó gbé e fún un. Kó tó di ìgbà náà, kọ̀ǹpútà lè pa àmì dúdú rẹ́ lójú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn baba wa fi pẹ́ńsùlù tún ojú nẹ́gátíìfù ṣe láìkáàárẹ̀. Iṣẹ́ wọn náà ni ẹ ń ṣe.

Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì létí títì tàbí nínú ọkọ̀ tó ṣí fèrèsé. Bí ẹ bá wà nínú ọgbà ewéko Bingerville pẹ̀lú ìyàwó àti ọkọ, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ẹ fi lẹ́ǹsì kan parí rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti nù ún kí ẹ tó ka èyí, tí ẹ ń rí ìlà tàbí òróró lójú fọ́tò, ẹ dáwọ́ dúró síbẹ̀. Ẹ má tún un nù láti fi pa àṣìṣe àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ fi ìdérí dé e, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ lò gan-an fún un: ọtí ni o, ṣẹ́ẹ̀tì ni o, atẹ́gùn fọ́kanáísà ni o. Ìtìjú kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ ni yóò jẹ́ kó mọ̀ bóyá òróró lásán ló wà níbẹ̀ tàbí gíláàsì ti ha.