Kí Ológbò Méjì Tó Di Ogún

Ọ̀dọ́ tó bá dá oko adìyẹ sílẹ̀ ní Mowe, Ibafo tàbí Ifo kì í pẹ́ rí ológbò tí kò nílé. Eku tó ń jẹ oúnjẹ adìyẹ ló ń fà á wá, inú olóko á sì dùn.

Àgbà tó ti rí irú rẹ̀ rí mọ̀ pé ayọ̀ yẹn kì í tọ́jọ́. Abo ológbò lè lóyún kó tó pé oṣù 6, oyún ọ̀hún kì í sì ju bí oṣù 2 lọ. Ní 1949, ológbò 5 péré ni wọ́n kó lọ pa eku ní erékùṣù Marion ti South Africa. Nígbà tó fi di 1975, wọ́n ti lé ní 2,000. Ó di 1991 kí wọ́n tó rí wọn kó tán.

Májèlé ńkọ́? Rárá o! Adìyẹ á jẹ níbẹ̀, ajá aládùúgbò náà á jẹ níbẹ̀.

Kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ bo ààtàn, kó da oúnjẹ adìyẹ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Lẹ́yìn náà, kó fi ẹja gbígbẹ sínú kéèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já dé fúnra rẹ̀. Bí ológbò bá ti wọlé, kó fi àpò bo kéèjì náà. Òkùnkùn máa ń jẹ́ kó fara balẹ̀. Kó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Òun ni yóò tẹ akọ lọ́dàá, tí yóò yọ ilé ọmọ abo, tí yóò sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹran.

Bí ológbò bá gé e jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.