Làálàá-Ọpọlọ àti Iyè-Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ìwé Kíkà Ń Ni Lára

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ lè fi ṣàlàyé ipò akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní dyslexia.

1. Ìnira-ìwékíkà
Èyí ni a dábàá fún dyslexia fúnra rẹ̀. Àìmọ̀wéékà kò bá a mu, nítorí ẹni tí kò dé ilé-ìwé rí pàápàá kò mọ̀wéé kà. Ní 1896, W. Pringle Morgan, dókítà kan ní Ìlú Ọba, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ó lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n tí kò lè kàwé. Ìnira ni ó bá a, kì í ṣe òmùgọ̀.

2. Iyè-iṣẹ́
A yan iyè dípò ìrántí nítorí pé ìṣe ni ìrántí. Iyè ni a fi ń rántí. Iyè-ìpamọ́ ni ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́ ń gbé. Iyè-iṣẹ́ ni a fi ń di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀ bí a ti ń lò ó lọ́wọ́. Ní 1974, Alan Baddeley àti Graham Hitch ṣàlàyé pé ó ní ẹ̀ka mẹ́ta: ọ̀kan ń pa ìró mọ́, èkejì ń pa àwòrán mọ́, ẹ̀kẹta sì ń darí wọn. Àyè rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀ka ìró ni ó sábà máa ń rọ lára àwọn onínira-ìwékíkà.

3. Làálàá-ọpọlọ
Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ọkọ Àdùkẹ́ gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀. Lẹ́tà kan náà ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ní. Ohùn ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ìwé mọ́ lára kì í fura sí i. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní láti so lẹ́tà mọ́ ìró, kí ó wo àmì ohùn, kí ó sì di ọ̀rọ̀ ìṣáájú mú kí ó má baà bọ́. Nígbà tí yóò bá fi dé ọkọ̀, Àdùkẹ́ lè ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Pípe ọ̀rọ̀ ti gba gbogbo àyè iyè-iṣẹ́. Kò ṣẹ́kù èyí tí yóò fi lóye. Iṣẹ́ ńlá yìí ni a pè ní làálàá-ọpọlọ. Nítorí náà, ọmọ tí a ń pè ní ọ̀lẹ lè jẹ́ ẹni tí ó ń ṣe làálàá jù ní kíláàsì. Bí olùkọ́ bá ka ìbéèrè sí i létí, tí ó sì fún un ní àkókò sí i, ó ti bá a sọ ẹrù díẹ̀ kalẹ̀.

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni abẹ gé. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìnira yìí kò bá ní orúkọ, olódo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò máa jẹ́.