Ọ̀kẹ́ Kan

Ìyá kan ta iṣu ní Akparé. Wọ́n fún un ní owó bébà mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2 000 fáráńkì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20 000.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Ọ̀kẹ́ kan pé!»

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀kẹ́ ni àpò. Báwo ni àpò ṣe di orúkọ òǹkà?

Láyé àtijọ́, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Owó ẹyọ kan ṣoṣo kò lè ra nǹkan ńlá. Nítorí náà, wọ́n ń kà á ní márùn-ún márùn-ún. Wọ́n ń lu ihò sí i, wọ́n sì ń sín in sí okùn.

Owó ẹyọ 40 jẹ́ okùn kan.
Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá kan: 2 000.
Ẹgbàá 10 jẹ́ ọ̀kẹ́ kan: 20 000.

Bí ó bá pé bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó o sínú àpò kan. Ó wúwo! Ẹrù orí ènìyàn kan ni.

Bí owó ẹyọ kan bá sọnù ńkọ́? Wọn kò ní ka gbogbo 20 000. Okùn ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Okùn tó pé ní márùn-ún lọ́nà mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ 39, márùn-ún ìkẹyìn yóò di mẹ́rin. Ojú á rí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá oníṣu. Ó fẹ́ pín 20 000 rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n fi ra ìwé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 5 000.

Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò rẹ̀ dé láti Atakpamé. Òun náà kò ní ìwé. Wọ́n di márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 4 000. Kò sí ìyókù, kò sí ìjà.

Òǹkà tó bá parí sí òdo ṣe é pín sí méjì, sí márùn-ún, àti sí mẹ́wàá.

Bí ọmọ kan bá tún dé ńkọ́? Wọn yóò di mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 3 333, méjì yóò sì ṣẹ́kù.

Ìyá àgbà ní: «Èmi ni n ó mú méjì náà!»

Ẹ ṣe é fúnra yín

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka hóró àgbàdo 40. Bí ọmọ bá jẹ́ 50, ẹgbàá kan pé. Bí ẹ bá ṣe é fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan pé.

Ìbéèrè

1. Owó ẹyọ mélòó ló wà lórí okùn kan?
2. Okùn mélòó ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan?
3. Ẹ pín 20 000 fún ọmọ mẹ́wàá. Èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà?
4. Ẹ pín in fún ọmọ mẹ́ta. Èló ni yóò ṣẹ́kù?